Ohùn kọ̀ǹpútà Linux mi ń kùn, ó ń ṣe ṣííí, ó tún ń ta: kí ni kí n ṣe?

#1 Àlọ́Ìrọ̀lẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ohùn ni mo gbé wá.

Àlọ́ ni mo ń gbà sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, nínú yàrá kan nílé wa nítòsí Takie. Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ni mo fi ń ṣe é, Ubuntu 22.04, irú Linux kan tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ló wà lórí rẹ̀. Máìkì mi wọ míkísà kékeré kan, okùn wá ti ara míkísà bọ́ sí ihò íàpíìsì láptọ́ọ̀pù. Ihò kan ṣoṣo ló ní, ìdí nìyẹn tí mo fi ra okùn ẹlẹ́nu méjì tó ń ya ti máìkì sọ́tọ̀ kúrò lára ti íàpíìsì. Audacity ni mo fi ń gbà á.

Wàyí o, ohun kan ń kùn "hùùùn" lábẹ́ ohùn mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, "ṣííí" kan wà tí kì í dákẹ́, yálà mo sọ̀rọ̀ ni o tàbí n kò sọ̀rọ̀. Tí mo bá ti dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí mo wá ní kí n gbọ́ ohun tí mo gbà, sípíkà á kọ́kọ́ sọ "pọ́ọ̀!" kí ohùn tó jáde. Ìgbà mìíràn sì wà tí ohùn á máa já, tí á máa ta "pà-pà-pà", pàápàá tí mo bá ṣí ojú ìwé púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹnì kan sọ fún mi pé Linux ò mọ ohùn í ṣe. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ gbà mí kí n tó tún ná owó mìíràn.

#2 FèrèséNiMoWà

Òótọ́ ni. Ẹ padà sí Windows. Ó tán.

#3 WáyàKìíPurọ́ (Ọ̀yọ́)

Fèrèsé, ẹ jẹ́ kí aláìsàn sọ ibi tó ń dùn ún ná, kí ẹ tó ní kí wọ́n gé e lẹ́sẹ̀.

Àlọ́Ìrọ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ariwo mẹ́rin lẹ kà sílẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò sì jọ ti ibì kan náà wá. Èyí tó ń kùn, iná ni mo fura sí. Èyí tó ń ṣe ṣííí, mo fura sí bí ẹ ṣe ń gbé ohùn sókè. Pọ́ọ̀ yẹn ni mo lè bá Linux wí sí. Èyí tó ń ta, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ. Tí a bá kó wọn pọ̀ tí a ń wá oògùn kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, bọ́tìnì la ó kàn máa yí kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ bá mi ṣe èyí. Ẹ yọ ṣájà, kí láptọ́ọ̀pù máa lo bátìrì. Kí gbogbo ilé dákẹ́, kí ẹ ṣí terminal, ojú tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10:

`arecord -f cd -d 10 batiri.wav`

Lẹ́yìn náà, ẹ ki ṣájà bọ ọ́, kí ẹ tún gbà á:

`arecord -f cd -d 10 saja.wav`

Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun lórí míkísà láàárín méjèèjì. Íàpíìsì ni kí ẹ fi gbọ́ ọ, torí sípíkà inú láptọ́ọ̀pù kéré jù láti gbé ohùn tó rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Á kàn tàn yín ni. Tí ẹ bá ti gbọ́ ọ tán, ẹ ṣí fáìlì náà nínú Audacity, ẹ lọ sí Analyze, ẹ tẹ Plot Spectrum, kí ẹ sọ fún wa ibi tí ìlà náà ti ga sókè.

#4 UnderG_Techie (LAUTECH)

Àǹtí, ẹ ò nílò gbogbo wàhálà yìí. Ẹ fi EasyEffects, ètò tó ń tún ohùn ṣe, sí i, ẹ tan Noise Reduction, RNNoise tó ń yọ ariwo kúrò ló wà nínú ẹ̀. Èmi ń lò ó tí mo bá ń ṣe kíláàsì lórí fóònù àti láptọ́ọ̀pù, àwọn tó ń gbọ́ mi ò mọ̀ rárá pé jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé yàrá mi.

#5 Àlọ́Ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. UnderG, mo ti rí tiyín, màá padà sí i.

Bàbá, mo ti ṣe é. Lórí bátìrì, kíkùn yẹn lọ ráúráú! Bí mo ṣe ki ṣájà bọ ọ́ báyìí, ó padà. Nínú àwòrán Audacity, ìlà náà ga sókè ní 50, ó tún ga ní 100, ó tún ga ní 150. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé tí mo bá gbé ọwọ́ lé ibi tó jẹ́ irin lára láptọ́ọ̀pù, kíkùn náà á dín kù. Tí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, á tún ru sókè.

Ṣùgbọ́n ṣííí ò lọ o. Bátìrì ò rí i gbé ṣe rárá.

#6 WáyàKìíPurọ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

50 Hz ni iná Nàìjíríà, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. 100 àti 150 tí ẹ rí, ìlọ́po rẹ̀ ni. Ká ní Amẹ́ríkà lẹ wà ni, 60, 120 àti 180 lẹ máa bá níbẹ̀. Torí náà iná ló ń kùn. Linux ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Tí ẹ bá fi Windows sí i lónìí, á ṣì máa kùn bẹ́ẹ̀ náà ni.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nínú ṣájà láptọ́ọ̀pù, wọ́n so kapásítọ̀ kékeré kan láàárín apá tí iná ilé ń gbà wọlé àti apá tó ń lọ sára láptọ́ọ̀pù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa ariwo rédíò tí ṣájà fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀. Àmọ́ iná bíńtín máa ń yọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Tí ṣájà bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n sì rì ọ̀pá ilẹ̀ (earthing) sí ilé yín lóòótọ́, iná bíńtín yẹn á gba ẹsẹ̀ kẹta lọ sínú ilẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Tí ṣájà bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tàbí tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣùgbọ́n tí ọ̀pá ilẹ̀ ò sí nílé, iná náà á wá ọ̀nà mìíràn. Á gba ara láptọ́ọ̀pù, á bọ́ sórí okùn ohùn, á gba ibẹ̀ dé míkísà. Ọ̀nà tí ohùn yín ń gbà lòun náà ń gbà. Ọwọ́ tí ẹ gbé lé irin yẹn, ara yín ló di ọ̀nà ilẹ̀ fún un, ìyẹn ló jẹ́ kó dín kù. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ máa gbọ́ ọ lọ́wọ́, tí á máa ta á yínyín tó bá fi ọwọ́ ra irin náà jẹ́jẹ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe:

Èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ni kí ẹ máa gba àlọ́ yín lórí bátìrì. Tí bátìrì bá ti kú, ẹ fi ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, kí láptọ́ọ̀pù àti míkísà jọ wà lórí ẹsitẹ́ńṣọ̀n kan náà. Tí ìyẹn náà ò bá tán an, ẹ ra ground loop isolator. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà nìyẹn. Àpótí kékeré ni, tíránsífọ́mà méjì tín-tìn-tín ló wà nínú ẹ̀, á jókòó sáàárín míkísà àti láptọ́ọ̀pù. Ohùn á kọjá, iná ò ní rí ọ̀nà kọjá. Àwọn tó ń ta rédíò mọ́tò sábà máa ń ní in. Níbi lọ́dọ̀ wa, tí ẹ bá rìn láti Akẹ̀sán síwájú díẹ̀, ẹ ó rí wọn.

#7 OnímíkísàÌjọ

Ìnáwó lórí nǹkan kékeré nìyẹn o. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kàn fi páyà gé ẹsẹ̀ kẹta lára púlọ́ọ̀gì anpu ni. Kíkùn dákẹ́ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. A ti ń lò ó bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

#8 WáyàKìíPurọ́

Hàà! Ẹ̀yin tó ń ka ibí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Onímíkísà, ẹ gbọ́. Wọn ò fi ẹsẹ̀ kẹta síbẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ tí wáyà iná bá já nínú anpu tó sì fara kan àpótí irin rẹ̀, ẹsẹ̀ kẹta ni iná rẹpẹtẹ máa gbà lọ sílẹ̀, tí fíùsì á fi já lójú ẹsẹ̀. Ẹ ti gé ọ̀nà yẹn. Gbogbo irin tó bá so mọ́ anpu náà ti di iná nìyẹn: míkísà, okùn, máìkì onírin tí ẹni tó ń kọrin dì mú. Ẹni tó bá dúró lórí sìmẹ́ńtì tútù tó di máìkì mú ni ọ̀nà ilẹ̀. Pé kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan ò túmọ̀ sí nǹkan kan. Wáyà yẹn ni kò tíì já.

DI box, àpótí kékeré tí okùn ohùn ń gbà kọjá, ni kí ẹ lọ rà. Bọ́tìnì kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ "ground lift" sí. Ìyẹn ń já ilẹ̀ lórí okùn ohùn nìkan, kò kan okùn iná.

#9 OnímíkísàÌjọ

Ó ti yé mi, bàbá, a ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì náà. Ẹ wá bá mi dáhùn èyí: tó bá jẹ́ iná ìjọba ni, kíkùn náà á dúró lójú kan. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré wa ni, ńṣe ló ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó tilẹ̀ ń bá orin jà.

#10 WáyàKìíPurọ́

Jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn gbọ́dọ̀ yí nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan kó tó lè fún yín ní 50 Hz. Tí fìríìjì tàbí fáànù ńlá bá gba iná lójijì, ẹ́ńjìnnì á rẹlẹ̀ díẹ̀ kó tó gbé ara rẹ̀ padà. Ẹ máa ń gbọ́ ọ létí, àbí? Ohùn ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ rẹ̀ wálẹ̀, á wá gbéra. Bó ṣe ń rẹ̀ wálẹ̀ yẹn, 50 ti di 48 tàbí 47, kíkùn inú sípíkà á sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fi Notch Filter gé 50 kúrò nínú Audacity á fi rí i pé ó bá iná ìjọba mu, kò bá jẹnẹrétọ̀ mu.

Ẹ tún fi ínfátà sí i. Èyí tí wọ́n kọ "modified sine wave" sí lára, iná tó ń jáde látinú rẹ̀ kì í yí geere. Ó ń fò láti ìpele kan sí òmíràn, ìlọ́po 50 tí ẹ ó bá nínú àwòrán á sì pọ̀ lọ súà. Ìyẹn kì í kùn, híhan ló ń han. Ẹni tó bá fẹ́ fi ínfátà gba ohùn sílẹ̀, "pure sine wave" ni kó béèrè.

#11 ÌyáKọ̀ǹpútà (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ jẹ́ kí n gba pọ́ọ̀ lọ́wọ́ bàbá, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í jẹ́ kí n sinmi lórí ẹ̀.

Àlọ́Ìrọ̀lẹ́, àárín-in wa náà lẹ wà, ẹ kú ilé o. Ẹ kọ èyí sínú terminal:

`cat /sys/module/snd_hda_intel/parameters/power_save`

Nọ́ńbà tó bá jáde ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀rọ ohùn fi ń dákẹ́ kó tó sùn láti fi bátìrì pamọ́. Tó bá jẹ́ 0, kì í sùn. Pọ́ọ̀ tí ẹ ń gbọ́ ni ìgbà tó bá ta jí. Ẹ jí i sílẹ̀ títí ná:

`echo 0 | sudo tee /sys/module/snd_hda_intel/parameters/power_save`

Tí pọ́ọ̀ bá lọ, a ti mú un. Èyí tí ẹ ṣe yìí á parẹ́ tí ẹ bá pa ẹ̀rọ tí ẹ tún tàn án, nítorí náà ẹ ṣẹ̀dá fáìlì `/etc/modprobe.d/ohun.conf`, kí ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo yìí sínú ẹ̀:

`options snd_hda_intel power_save=0`

Orúkọ tó bá wù yín lẹ lè sọ fáìlì náà, kó ṣáà ti parí sí .conf.

#12 Àlọ́Ìrọ̀lẹ́

Mọ̀mí, ẹ kú ilé o. 1 ló jáde. Mo fi 0 sí i, pọ́ọ̀ dákẹ́! Mo ṣe fáìlì yẹn náà, mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án, ó tún wà ní 0, inú mi dùn. Ni mo bá yọ ṣájà kí n gba àlọ́ lórí bátìrì bí bàbá ṣe wí. Pọ́ọ̀! Mo wò ó, ó ti padà di 1.

#13 ÌyáKọ̀ǹpútà

TLP, ètò tó ń fi bátìrì pamọ́, wà lórí ẹ̀rọ yín. Ẹni tó bá yín fi Ubuntu sí i ló fẹ́ kí bátìrì pẹ́. TLP máa ń tún nọ́ńbà yẹn ṣe nígbàkúùgbà tí ẹ bá yọ ṣájà tàbí tí ẹ bá ki ṣájà bọ ọ́, kò bìkítà ohun tí ẹ kọ síbòmíràn. Ẹ ṣí `/etc/tlp.conf`, ẹ wá àwọn ìlà méjì yìí, ẹ yọ àmì # iwájú wọn kúrò, kí ẹ sọ wọ́n di báyìí:

`SOUND_POWER_SAVE_ON_AC=0`
`SOUND_POWER_SAVE_ON_BAT=0`

Lẹ́yìn náà `sudo tlp start`. Bátìrì tó máa jẹ kò tó nǹkan.

Àkíyèsí fún ẹlòmíràn tó ń kà á: tó bá jẹ́ 0 ni tiyín, tí pọ́ọ̀ ò sì lọ, PulseAudio, ètò tó ń darí ohùn lórí irú Ubuntu yìí, fúnra rẹ̀ ní módù kan tó ń jẹ́ module-suspend-on-idle tó ń pa ìjáde ohùn tí nǹkan kan ò bá lọ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Inú `/etc/pulse/default.pa` ló wà. Ẹ fi # síwájú ìlà rẹ̀.

#14 Àlọ́Ìrọ̀lẹ́

Ó tán! Yálà ṣájà wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ọlọ́run á bù kún yín, mọ̀mí.

Ó wá ku ṣííí àti èyí tó ń ta.

#15 WáyàKìíPurọ́

Ẹ tẹ `alsamixer` nínú terminal. Ẹ tẹ F6 kí ẹ yan káàdì ohùn yín gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ PulseAudio sí. Ẹ wá tẹ F4. Òpó tó bá wà níbẹ̀, ẹ sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó. Kí ẹ sì sọ fún mi ibi tí bọ́tìnì ìjáde wà lórí míkísà.

#16 Àlọ́Ìrọ̀lẹ́

Òpó "Capture" ga dé nǹkan bí ìdajì. Èyí tí wọ́n kọ "Headset Mic Boost" sí kún dé òkè, orí rẹ̀ pupa. Tí mo bá gbé ara sórí ẹ̀, lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n kọ ọ́ sí: dB gain 30.00.

Ní ti míkísà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo máa ń fi bọ́tìnì ìjáde sí, kò ju kó ṣí díẹ̀ lọ. Tí mo bá gbé e sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn mi á máa fọ́.

#17 WáyàKìíPurọ́

Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín. Ẹ wò ó bí mo ṣe rí i.

Ohùn tó ń jáde lára míkísà lágbára. Ìwọ̀n anpu ni wọ́n ṣe é fún. Ihò máìkì láptọ́ọ̀pù ń retí ohùn tín-ínrín tó ń ti ẹnu máìkì lásán wá, ìdí nìyẹn tí Boost fi wà níbẹ̀. 20 dB túmọ̀ sí pé ó sọ ohùn di ìlọ́po 10. 30 dB ju ìlọ́po 31 lọ. Ẹ rí i pé tí ẹ bá gbé míkísà sókè, ó fọ́. Dandan ni kó fọ́, ẹ ti fi 31 lọ́ ohun tó ti tóbi tẹ́lẹ̀ po. Ẹ wá rẹ míkísà sílẹ̀ títí ohùn fi kéré bíi ti kòkòrò, láptọ́ọ̀pù sì ń gbé e padà sókè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn yín nìkan ló ń gbé. Ṣííí inú míkísà wà níbẹ̀, ti okùn wà níbẹ̀, ti ẹ̀rọ ohùn inú láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ó sì ń lọ́ gbogbo wọn po.

Ẹ yí i padà sórí. Headset Mic Boost, 0. Capture, ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ wá máa gbé ìjáde míkísà sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa pa àlọ́ yín bí ẹ ṣe máa ń pa á, títí tí ibi tí ẹ ti pariwo jù á fi máa kan nǹkan bíi -12 sí -6 lórí òṣùwọ̀n Audacity. Kó má kan 0 láéláé. Tó bá ti dára:

`sudo alsactl store`

Ohun kan ṣoṣo tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú níbẹ̀ ni Settings Ubuntu. Tí ẹ bá fa ìlà Input tó wà nínú Sound, PulseAudio ń fi ọwọ́ kan náà fa Capture àti Boost pọ̀. Ẹ ó rò pé ẹ ń gbé ohùn sókè díẹ̀, Boost á sì ti gòkè láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ ṣí alsamixer sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fa ìlà yẹn, ẹ ó rí òpó náà tó ń fò láti 0 sí 10, sí 20. Torí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tò ó tán, ẹ má ṣe lọ fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́.

#18 FèrèséNiMoWà

Mo ń ka gbogbo ẹ̀ láti òkè. Lórí Windows tèmi náà, "Microphone Boost" wà níbẹ̀, mo sì bá a ní 30. Ẹ̀yin èèyàn mi.

#19 Àlọ́Ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ wá gbọ́ ohùn mi! Ṣííí ti lọ tán pátápátá tán. Rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: tí mo bá fi íàpíìsì gbọ́ ọ tí mo gbé e sókè gan-an, ó ṣì wà níbẹ̀ díẹ̀. Ṣé kí n wá fi RNNoise tí UnderG sọ yọ èyí tó kù?

#20 ÌyáKọ̀ǹpútà

EasyEffects nílò PipeWire, ètò tuntun tó gba iṣẹ́ PulseAudio; PulseAudio ni Ubuntu 22.04 ń lò fún ohùn látilẹ̀wá. Ẹ tẹ `pactl info`, kí ẹ wo ìlà Server Name. Tí ẹ bá rí "PulseAudio (on PipeWire" níbẹ̀, ẹ ti wà lórí PipeWire. Tó bá jẹ́ "pulseaudio" lásán, ẹ ò tíì sí níbẹ̀. Láti 22.10 ni Ubuntu ti gbé PipeWire síwájú.

#21 WáyàKìíPurọ́

Kò tilẹ̀ yẹ kí ẹ lò ó fún àlọ́. RNNoise dára púpọ̀ fún ìpè. UnderG ò purọ́. Ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni Jean-Marc Valin, ẹni tó ṣe é, kọ́ ọ láti dá mọ̀; ohun tí kì í bá ti í ṣe ọ̀rọ̀, ariwo ló kà á sí. Orin àlọ́ ńkọ́? Àtẹ́wọ́ ńkọ́? Táwọn ọmọdé bá gbe orin lẹ́yìn yín, tí ẹnì kan wá mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, á gbé apá kan mì, á sì dá apá kan sí. Ẹ ó máa gbọ́ orin tó ń wọlé tó ń jáde.

Ẹ tún kíyè sí èyí, ó ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ lórí àwọn ìgbàsílẹ̀ Yorùbá. Tí kíkùn bá wà, ọ̀pọ̀ á fi High-Pass Filter gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 150 kúrò. Ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin tó bá ń sọ Yorùbá sábà máa ń wà láàárín nǹkan bí 80 sí 120. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n gé. Ọ̀rọ̀ á ṣì yé ni, torí ìlọ́po ohùn náà ṣì wà lókè, ṣùgbọ́n gbogbo àyà ohùn á ti lọ. Àgbàlagbà á máa dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà nínú fóònù. Ẹ pa kíkùn látorí iná, kí ẹ má fi ọ̀bẹ lé ohùn.

Ṣííí díẹ̀ tó kù yẹn, tí ẹ bá sọ pé ó ń yọ yín lẹ́nu, Noise Reduction ti Audacity tó. Ẹ yan ibi tí ẹ ò ti sọ̀rọ̀, ẹ tẹ Get Noise Profile, ẹ wá yan gbogbo ìgbàsílẹ̀, ẹ fi 6 dB sí i. Má ṣe kọjá 10. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ohùn á máa dún bí ẹni pé omi wà níbẹ̀.

#22 UnderG_Techie

Mo gbà fún bàbá lórí ti àlọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó ń ta ṣe ìtánràn, mo mọ ìyẹn dáadáa.

Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ gbé fáìlì kan tó ń ta lọ sórí fóònù, kí ẹ gbọ́ ọ níbẹ̀. Tó bá ń ta lórí fóònù náà, inú ìgbàsílẹ̀ ló ti wà. Tó bá mọ́ lórí fóònù, láptọ́ọ̀pù ló ń ta nígbà tó bá ń gbé e jáde, àlọ́ yín ò ní nǹkan kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ohùn kì í ṣàn tààrà. Kọ̀ǹpútà ń dá a sílẹ̀ ní ìpín-ìpín, ó ń gbé ìpín kan kalẹ̀ fún káàdì ohùn, káàdì ń kà á tán, ó ń retí òmíràn. Tí kọ̀ǹpútà bá pẹ́ kó tó gbé òmíràn dé, àyè á ṣí sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ pà! Xrun ni wọ́n ń pè é. Tí ojú ìwé bá pọ̀ nínú burásà, ó ń pẹ́ nìyẹn.

Lórí PulseAudio, ẹ ṣí `/etc/pulse/default.pa`, ẹ wá `load-module module-udev-detect`, kí ẹ fi tsched=0 kún un, báyìí:

`load-module module-udev-detect tsched=0`

Ẹ wá tẹ `pulseaudio -k`, á pa ara ẹ̀, á sì tún dìde.

Ẹni tó bá wà lórí PipeWire, ẹ tẹ `pw-top` kí ẹ máa wo ERR. Tí nọ́ńbà ibẹ̀ bá ń gùn sókè bí ohùn ṣe ń ta, xrun ni. Ẹ fún un láyè sí i:

`pw-metadata -n settings 0 clock.force-quantum 1024`

Tó bá ṣì ń ta, 2048. Ohùn á máa pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ìyẹn ò ní dí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lọ́wọ́, àmọ́ á dí ẹni tó ń gbọ́ ara ẹ̀ nínú íàpíìsì bó ṣe ń kọrin.

Kí ẹ tún wo ooru o. Láptọ́ọ̀pù mi ń ta lọ́sàn-án, kì í ta lálẹ́. Abẹ́ páànù ni yàrá mi wà ní Under G. Tí ẹ̀rọ bá gbóná jù, á dín eré ẹ̀ kù fúnra ẹ̀ kó má bàa jóná. Mo ṣí i, eruku ọyẹ́ ló di gbogbo ojú fáànù pa.

#23 Àlọ́Ìrọ̀lẹ́

Lórí fóònù, ó mọ́ tónítóní! Ẹ̀rù ti ń bà mí pé mo ti ba àlọ́ jẹ́. Mo fi tsched=0 sí i, mo sì ti ojú ìwé burásà tí n kò lò. Kò ta láti àárọ̀.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n ra káàdì ohùn USB?

#24 WáyàKìíPurọ́

Tí owó bá wà nílẹ̀, èyí tó ní ihò XLR, ìyẹn ihò olójú mẹ́ta tí okùn máìkì ń wọ̀, ni kí ẹ rà, ẹ ó ki máìkì bọ̀ ọ́ tààrà, ẹ ò ní nílò míkísà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìta láptọ́ọ̀pù ló ti ń sọ ohùn di nọ́ńbà, ariwo inú ẹ̀rọ ò lè dé ibẹ̀ bọ̀rọ̀. Àwọn kékeré tó dà bí fíláàṣì, mi ò ní bá yín yìn wọ́n. Mo ti gbọ́ èyí tí ṣííí ẹ̀ ju ti láptọ́ọ̀pù lọ. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n kọ "class compliant" sí i, torí irú ìyẹn kì í béèrè dráífà lórí Linux. Ẹ ó rí i nínú `arecord -l` bí ẹ bá ṣe ki í bọ̀ ọ́.

Má sì rò pé á tán kíkùn ṣájà tí ẹ bá tún ti fi míkísà tàbí anpu kún un. Okùn USB náà ní wáyà ilẹ̀ nínú, iná á gba ibẹ̀.

#25 UnderG_Techie

Àǹtí, tí ẹ bá fẹ́ bọ́ sí 24.04, kí ẹ mọ̀ pé PipeWire lẹ máa bá níbẹ̀. Tsched tí ẹ kọ sínú default.pa kò ní já mọ́ nǹkan kan mọ́. Fáìlì modprobe àti ti TLP á ṣì ṣiṣẹ́.

#26 ÌyáKọ̀ǹpútà

Kí ẹ sì tún ṣí alsamixer wò lẹ́yìn tí ẹ bá bọ́ síbẹ̀, Boost lè ti padà sí 30. Kó tó di ìgbà náà, ẹ kó gbogbo àlọ́ sórí fíláàṣì méjì.